Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Kíbọ́ọ̀dù tó ti kú àti owó tó pẹ́ dé

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí pọ̀, ó sì jọ pé gbogbo yín ti fi ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé ni. Mo mọ ìdí rẹ̀: fọ́ọ̀mù JAMB ń bọ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní Ìṣirò nílé ìwé ìjọba, mi ò sì kọ́ ọmọ olówó rí àfi ẹyọ kan tí bàbá rẹ̀ lé wá sí abúlé nítorí ìwà. Ohun tí mo bá sọ níbí, lára àwọn ọmọ tí kò ní ni mo ti rí i. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má bínú, ẹ wo ìdáhùn ẹlòmíì dáadáa, tiyín lè wà níbẹ̀.

Màmá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ata ni mo ń tà. Ọmọ àbúrò mi tó ti dolóògbé ló wà lọ́dọ̀ mi, SS2 ló wà, nọ́ọ̀sì ló ní òun fẹ́ ṣe. Ó mọ̀wé, ipò kejì ló mú. Ṣùgbọ́n oníbàárà mi kan ní kíláàsì Art tí ọmọ náà wà, kò lè tibẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì láé. Ọmọ ní torí pé kò sí tíṣà Kẹ́mísírì nílé ìwé àwọn ni òun ṣe wà níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe? Mi ò kàwé. — Ìyá Aláta, Ìsẹ́yìn

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òótọ́ ni oníbàárà yín sọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ ní yunifásítì tàbí nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n máa bi í: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì. Nínú JAMB, Gẹ̀ẹ́sì àti mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn ni yóò ṣe. Bó gba A nínú Lítíréṣọ̀, tó gba A nínú Gọ́fúmẹ́ǹtì, tó tún gba A nínú Yorùbá, wọ́n á kí i kú oríire, wọn ò ní gbà á wọlé.

Òmùgọ̀ ọmọ ṣọ̀wọ́n nínú àwọn tí mo kọ́. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún ló pọ̀. Ọmọ olówó, kó tó wọ SS1 ni bàbá rẹ̀ ti bá a wo ohun tí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ń gbà. Tiwa, kíláàsì tí àga bá ti ṣẹ́ kù ló ń jókòó sí.

Ẹ lọ sílé ìwé náà lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà yín. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ fi ń lọ òde, nítorí àwa tíṣà, kí Ọlọ́run dárí jì wá, a máa ń wo aṣọ òbí kí a tó dá a lóhùn. Ẹ má bá ọ̀gá àgbà jà lórí tíṣà tí kò sí, òun kọ́ ló ń gba tíṣà. Ẹ kàn ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ọmọ mi bọ́ sí kíláàsì Sáyẹ́ǹsì, ta ni mo máa rí?” Kí ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ orúkọ ẹni kan. Tó bá jẹ́ táàmù kìíní la wà, kò le. Tó bá ti di táàmù kẹta, ó ṣì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n oorun ọmọ náà á dínkù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń kú sí ni fọ́ọ̀mù WAEC ní SS3. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti tì í, ohun tó wà níbẹ̀ lọmọ máa ṣe.

Ní ti tíṣà Kẹ́mísírì, ilé ìwé tèmi náà lo ọdún mẹ́ta láìní. A bẹ tíṣà kan nílùú kejì, ó ń wá ní Sátidé. Àwọn òbí ń dá owó ọkọ̀ fún un, ìyá ọmọ kan tó ń ta àmàlà sì ń fún un lóúnjẹ ọ̀sán. Mo fura pé àmàlà yẹn ló dá a dúró ju owó ọkọ̀ lọ. Ẹ wá òbí mẹ́rin márùn-ún tí wàhálà yìí kàn, ẹrù yìí ju ti ẹnì kan lọ. Kí tíṣà náà sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan irinṣẹ́ inú láàbù kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Ọmọ kan nínú tiwa, ọjọ́ WAEC gan-an ló kọ́kọ́ rí pìpẹ́ẹ̀tì, ó fà á bí ẹni ń fa zobo, omi inú rẹ̀ sì bọ́ sí i lẹ́nu. Orí ló yọ ọ́ pé kì í ṣe ásíìdì líle.

Ohun kan kù, òun sì ni ẹ lè ṣe lọ́la: NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún èèyàn. Ọmọ tí a bá gbà tọ́, orúkọ a máa pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ìyá tó bí i sọ ọ́ ní tirẹ̀, àwa tí a gbà á sọ ọ́ ní tiwa, ilé ìwé sì kọ èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí, wọn kì í bi ọmọ léèrè. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé bá yín fi ti NIN àti ti ilé ìwé wé ara wọn kí fọ́ọ̀mù WAEC tó dé. Ní 2025, owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí nínú NIN di ₦28,574. Ẹ ro iye apẹ̀rẹ̀ ata tó wà nínú ìyẹn.

Ẹ káàárọ̀ mà. Kọ́pà ni mí, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n fi mí sí. SS3 wa jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo sì fẹ́ máa ṣe lẹ́sìnnì JAMB fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni mo ní, iná kì í sábà wà. Nínú gbogbo wọn, àwọn mẹ́ta péré ló ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Nígbà míì ó máa ń ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín, nígbà míì bíi kí n sunkún. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Kọ́pà Abúlé

Ọmọ mi, má rín wọn. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ìwọ náà ò lè mọ koríko yàtọ̀ sí ewé iṣu.

Ọdún 2015 ni JAMB pa ìdánwò orí bébà tì pátápátá, tí gbogbo ọmọ di orí kọ̀ǹpútà. Mo ní ọmọbìnrin kan lọ́dún yẹn, bí mo bá kọ ìṣirò sójú pátákó, yóò ti rí ìdáhùn kí n tó gbọn ẹfun ọwọ́ mi dànù. Dókítà ni mo ń pè é. Ó dé gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó wo máòsì, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ojú tì í láti nawọ́. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tó fi jókòó bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kan tó kíyè sí i. Máàkì tó gbà kò gbé e dé ibi tó ń lọ, ọdún kan gbáko ló fi jókòó sílé. Nígbà tó wá bá mi, ohun tó sọ ni pé, “Mà, àwọn ìbéèrè náà ò le o.” Èmi tí mo kọ́ ọ ní ọdún mẹ́ta, kò tíì sọ sí mi lọ́kàn rí pé ó yẹ kí n fi kíbọ́ọ̀dù hàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ bá àwọn ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ọjà, mo ra kíbọ́ọ̀dù mẹ́fà tó ti kú. Owó rẹ̀ kò tó ti adìyẹ kan. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun bọ́tìnnì mẹ́jọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí JAMB ò fi dandan lé máòsì: bọ́tìnnì mẹ́jọ péré lọmọ lè fi ṣe ìdánwò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A, B, C àti D ni ìdáhùn. N gbé ọ lọ sí ìbéèrè tó kàn, P dá ọ padà sí èyí tó kọjá. S ni kí o tẹ̀ bí o bá parí, R sì ni yóò yọ ọ́ bó bá jẹ́ àṣìṣe lo fi tẹ S. Èmi á ka ìbéèrè sókè, wọ́n á tẹ ìdáhùn, wọ́n á tẹ N. Ẹni tó bá wo ìka rẹ̀ á jó fún wa. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí iná lọ, a ò dúró, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la wá kó wọn lọ sí káfè ní ìlú, kí wọ́n lè rí èyí tó wà láàyè. Ọmọ kan wò yíká, ó ní, “Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?”

Láptọ́ọ̀pù rẹ, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìka, aago ló kàn. Ọgọ́ta ìbéèrè ni Gẹ̀ẹ́sì, ogójì ogójì ni mẹ́ta yòókù, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì ni wọ́n fún wọn. Pín in: ogójì ìṣẹ́jú àáyá fún ìbéèrè kan. Ọmọ tiwa máa ń ka ìbéèrè bí ẹni ń ka Kùránì, ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dún dáadáa. Kọ́ wọn láti fi èyí tó le sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ, èyí ló nira jù fún ọmọ tí a ti nà rí nítorí pé ó fo iṣẹ́.

Ìwé ìtàn tí JAMB bá yàn lọ́dún náà, ìbéèrè mẹ́wàá ń tinú rẹ̀ jáde. Ẹ̀dà kan tó fún gbogbo kíláàsì. Kí ẹnì kan kà á sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹlòmíì sọ ọ́ padà ní Yorùbá bí ẹni ń pàlọ́ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa bínú sí mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ èyí, ó ní mò ń ba èdè jẹ́. Nígbà tí èsì dé, òun ló lọ ń ṣe é.

Wàyí o, owó. Ní 2025, ọjọ́ 3 oṣù kejì ni ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n tì í ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta. ₦7,200 ni, ₦8,700 fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe mọ́ọ̀kì, ìdánwò ìdánrawò. Kò pọ̀ lójú ẹni tó wà ní Èkó. Ṣùgbọ́n wo oṣù kejì lábúlé: Kérésì ti kó tirẹ̀ lọ, owó táàmù kejì ti kó tirẹ̀ lọ, ilẹ̀ gbẹ, ohun tí a máa tà ò tíì jáde. Owó náà ń bọ̀ o, àmọ́ yóò dé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Mo ti rí i tí bàbá kan mú owó fọ́ọ̀mù wá ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n parí, ó kà á lójú mi, ó pé. Nítorí náà, dá àjọ sílẹ̀ fún àwọn SS2 nísinsìnyí. ₦200 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì, ₦7,200 nìyẹn. Jẹ́ kí ìyá kan tí abúlé gbẹ́kẹ̀ lé di owó náà mú. Má di í mú fúnra rẹ, kọ́pà ń lọ.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń fa ẹkún: orí ṣíìmù ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó ti fi NIN ránṣẹ́ sí 55019 láti gba kóòdù tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀, fóònù bàbá kan ò lè gbé ọmọ mẹ́ta. Ọmọ tó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́ fún ìyá rẹ̀, ìka rẹ̀ a máa ya, ẹ̀rọ tó ń ka ìka kì í sì í fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ní kí tiwa sinmi ẹ̀gẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n máa fi òrí pa ọwọ́. Tí wọ́n bá sì gbé ìdánwò ọmọ sí ìlú míì ní àárọ̀ kùtù, wá ilé tí yóò sùn sí. Ọmọ tó jí ní aago mẹ́ta òru láti wọ ọkọ̀, ìdajì ọpọlọ rẹ̀ ló máa gbé dé ibẹ̀.

Mà, mo ní kírẹ́díìtì mẹ́fà pẹ̀lú Ìṣirò nínú WAEC, ṣùgbọ́n D7 ni Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan júwe ilé ìwé kan fún wa tí mo ti lè kọ NECO, ó ní wọ́n máa ń “ran ọmọ lọ́wọ́” níbẹ̀. Àwọn òbí mi ti ń wá owó rẹ̀, wọ́n fẹ́ ta ewúrẹ́. Kí lẹ rí sí i? — Ọmọ Òṣogbo

Sọ fún wọn kí wọ́n mú ewúrẹ́ wọn padà sílé.

Láti D7 sí C6 tó jẹ́ kírẹ́díìtì, ìgbésẹ̀ kan ni. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń gba èsì ìjókòó méjì, o ti ní mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan lò ń wá. Kọ NECO tàbí WAEC ti àwọn tó ń dá kọ ọ́, san owó tí ìjọba ní kí wọ́n san, kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè nípa iṣẹ́ tó o fẹ́ ṣe gan-an, nítorí àwọn kan ń fẹ́ ìjókòó kan ṣoṣo. Àwọn “olùrànlọ́wọ́” yẹn, bí wọ́n bá dá èsì ilé ìwé wọn dúró, wọn ò ní dá ewúrẹ́ padà. Bí èsì náà bá tilẹ̀ jáde, ìwọ nìkan ni yóò jókòó níwájú post-UTME, ìdánwò tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB.

Kọ lẹ́tà kan ní Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́, ojú ewé kan péré. Kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ, sí gómìnà, sí ẹni tó jí adìyẹ yín. Fi mẹ́wàá àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi níbi ìwé ìròyìn yìí. Bírò pupa mi kò tíì tán.

Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àwa ọmọ ilé ìwé àtijọ́ kan ní Houston kó $3,000 jọ fún ilé ìwé wa nílé. Àwọn kan ní ká fún ọmọ tó ṣe ipò kìíní nínú SS3 lówó lọ́jọ́ ayẹyẹ, ká ya fọ́tò fún ẹgbẹ́. Àwọn kan ní ká kun ilé ìwé lọ́dà. Ìjà ti fẹ́ bẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ bá wa dá sí i. — Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Àbúrò mi, ẹ kú àìgbàgbé ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ògiri.

Ẹ má sì kó o fún ipò kìíní nìkan. Ipò kìíní ti ní ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́: pásítọ̀, kánsílọ̀, gbogbo ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun. Ipò karùn-ún sí ogún ni wọ́n ń kú sọ́nà. Wọ́n mọ̀wé tó láti wọlé, wọn ò mọ̀ ọ́n tó kí ẹnikẹ́ni yà wọ́n ní fọ́tò.

Ẹ san fọ́ọ̀mù JAMB fún wọn, ẹ jẹ́ kí owó náà wà nílé kí oṣù kejì tó wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnì kan, kó jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń gbé nítòsí ilé ìwé, ẹ fún un ní nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù, kó máa tẹ̀ lé wọn. Iṣẹ́ rẹ̀? Kó rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé èsì WAEC rẹ̀ sórí ìkànnì JAMB. Ẹ ò ní gbà gbọ́ iye ọmọ tó yege ohun gbogbo, tó ń retí àdìmíṣọ̀n látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó jẹ́ pé JAMB kò rí èsì rẹ̀ kankan nítorí ó rò pé WAEC á bá òun fi ránṣẹ́. Bí àdìmíṣọ̀n bá sì jáde, inú CAPS, ojú òpó tí JAMB fi ń gbani wọlé, ni ọmọ ti ní láti tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Ọmọ tí kò ní dátà kì í mọ̀ pé wọ́n ti pe òun.

Kí ẹ fi èyí tó pọ̀ jù pamọ́ fún acceptance fee. Ibi tí mo ti sunkún jù nìyẹn. Ọmọ wọlé, ìyá jó, ìjọ dúpẹ́, wọ́n wá ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kó san iye báyìí, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àyè rẹ̀ bọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn èèyàn á ní NELFUND, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ti wà. Ó wà, ó sì dáa: òfin rẹ̀ tuntun jáde lóṣù kẹrin 2024, kò ní èlé, tààrà ló ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ọmọ wà, ó tún ń fún ẹni tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ agùnbánirọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń tọrọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má dúró dè é fún acceptance fee. Owó yẹn, ẹni tó wà nítòsí ló ní láti gbé e sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé kí báńkì tó tì. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí Houston, aago yín àti tiwa kò bára mu.

Ní ti fọ́tò, èmi fúnra mi jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ń darí bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Mo wọ Form One ní 1980 pẹ̀lú bàtà ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ẹni tó ní kí n dúró kí wọ́n yà mí. Bí ó bá di dandan, ẹ ya ara yín ní Houston, aṣọ yín á ti dáa níbẹ̀.

Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan àti bẹ́ǹsìnù ìrọ̀lẹ́ fún táàmù kan. Ọ̀dà ògiri, kó di ọdún mìíràn.